Apá Ibo Ni Ká Máa Sọ̀ Sí

Kí a tó rí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú ọ̀nà, adìyẹ rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé gbágùúdá, ariwo wọn á ti máa bọ̀ láti ọ̀nà Ìdèrè. Àwọn àkùkọ tí wọn kò mọ̀ pé ọjà là ń gbé wọn lọ á máa kọ nínú àgò, agogo kẹ̀kẹ́ á sì máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá wọn gbe orin. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ á wá yọ, àgò ńlá méjì lórí ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè-sódò láìkánjú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ra adìyẹ káàkiri Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti àwọn abúlé tó wà láàrin wọn, ó sì ń kó wọn wá sí Igbó-Ọrà kí àwọn alágbàtà Ìbàdàn tó dé. Ìbejì ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bí fún un, nítorí náà Bàbá Ìbejì là ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, bí o bá pe Bàbá Ìbejì láàrin ọjà, èèyàn mẹ́wàá ló máa dá ọ lóhùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe tiwa ní Bàbá Ìbejì Aládìyẹ.

Bàbá mi kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Káfíńtà ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ wa, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi gbogbo. Ohun tó ń bí i nínú nípa kẹ̀kẹ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ọmọdé ga ju àgbà lọ lójú ọ̀nà. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló mọ̀ pé bí òun bá pàdé àgbà, òun gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí òun tó kí i, pàápàá bí àgbà náà bá jẹ́ àna òun. Ní ọdún tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi níyàwó, Bàbá Ìbejì pàdé bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó kí i láìkúrò lórí ìjókòó. Bàbá mi kò dá a lóhùn. Nígbà tó délé, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Bá mi kí ọkọ rẹ. Mo rí ẹnìkan tó jọ ọ́ gan-an lójú ọ̀nà láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òun, torí ẹni yẹn ò mọ̀ mí."

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Ìbejì ti dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní iwájú ilé wa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ìbáà wúwo tó bí òkè, yóò sọ̀ fún bàbá mi. Kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí àgò bá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò lè da ẹsẹ̀ kọjá lẹ́yìn bí àwa tí a kò gbé nǹkan kan. Ó ní láti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí irin iwájú kọjá, kó fi gbogbo ara tẹ̀ sí òsì, kó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí kí ẹrù má bàa gbé e ṣubú. Òsì náà ni gbogbo ayé ń sọ̀ sí, torí ọ̀tún ni ṣéènì wà, gírísì rẹ̀ a sì máa ba ṣòkòtò jẹ́. Bí ó bá ti sọ̀ tán, á fi ìbàdí gbé kẹ̀kẹ́ dúró, á tẹ̀ ba, á sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni: ẹ jíire bí, ṣé ara le, ṣé Màmá wà dáadáa, títí tí bàbá mi á fi sọ pé kó máa lọ.

Ní àkókò tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì ní Ìbàdàn, mo sì rò pé ọgbọ́n kò ní ilé mìíràn mọ́ lẹ́yìn agbárí mi. Bí mo bá wá sílé fún ìsinmi, ìwé máa ń wà ní abíyá mi títí kan ìgbà tí mo bá ń lọ sí oko. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kí a tó dáhùn ìbéèrè, kí àwọn èèyàn lè rò pé a ń ronú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀wù akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi ń wò lára mi nígbà náà, n kò ronú kan àkísà ẹnikẹ́ni.

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún méjì nígbà tí ìjọba kéde pé gbogbo ọkọ̀ yóò kúrò ní apá òsì tí àwọn òyìnbó fi wá sí, wọn yóò máa tọ apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà ló máa bẹ̀rẹ̀. Rédíò ń pariwo rẹ̀ láàárọ̀, ó ń pariwo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn awakọ̀ ní ẹgbẹ́ tó ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa. Akọ̀wé kánsù gba ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú un wá bá bàbá mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa bẹ akẹ́kọ̀ọ́ yín. Kó ka èyí, kó sì bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ lọ́nà tó máa yé wọn."

Inú bàbá mi dùn débi pé ó dìde dúró. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá mo ní kẹ̀kẹ́. N kò ní. Mo ti gun ti àwọn ẹlòmíràn nígbà mélòó kan rí, mo sì ṣubú nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan la ṣe é, ní pápá ilé ìwé. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: àgbẹ̀, télọ̀, adẹ́mu, tíṣà, àti Bàbá Ìbejì pẹ̀lú àgò òfìfo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo fi eérú fa ọ̀nà sí ilẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún wọn. Ẹ máa tọ etí ọ̀tún pátápátá. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má di ìdí lọ́rì mú ní òkè kí ó lè fà yín. Kí agogo máa dún, kí bíréèkì máa mú, kí iná wà lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ na ọwọ́ sí ibi tí ẹ ń yà sí.

Bàbá adẹ́mu kan gbé ọwọ́ sókè. "Akẹ́kọ̀ọ́, bí mo bá fẹ́ yà sí òsì, ọwọ́ òsì yìí náà ni kí n nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá jẹ́ àgbà ńkọ́?"

"Kì í ṣe ìkíni, bàbá. Àmì lásán ni."

"Àmì èébú ni ní agbolé tiwa."

Pápá náà rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kan wá béèrè bóyá àwọn màálù tó máa ń gba títì kọjá náà yóò tọ ọ̀tún, àti pé ta ni yóò ka ìwé fún wọn. Mo dá a lóhùn pé àwọn màálù ti wá lánàá, wọ́n ti gbọ́ tiwọn, àwọn tó ń ya ọ̀lẹ ló kù. Ẹ̀rín tún sọ. Ó dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń rí bàbá mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé níbi tó jókòó sí pẹ̀lú akọ̀wé kánsù, ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù rere.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìbejì dìde. Ó yọ fìlà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí àna rẹ̀ ni mo jẹ́, bí mo tilẹ̀ kéré sí i ní ọdún tó pọ̀.

"Àna mi, ẹ ṣeun. Nígbà tí a bá wá ń tọ ọ̀tún báyìí, apá ibo ni ká máa sọ̀ sí? Torí tẹ́lẹ̀…"

N kò mọ̀ ọ́n. Ìwé pélébé náà kò sọ ọ́, n kò sì ronú nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, gígùn ni ìjọba bá yín sọ, wọn ò bá yín sọ ti sísọ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀ sí látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń kó adìyẹ kiri, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa sọ̀ sí. Àbí àwọn adìyẹ ló rán yín níṣẹ́ ìbéèrè?"

Ẹ̀rín ọ̀tẹ̀ yìí ló pọ̀ jù. Bàbá Ìbejì náà rẹ́rìn-ín. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jókòó.

Ọjọ́ Àjíǹde dé, gbogbo ìlú jáde láti wo ọ̀nà bí ẹni ń wo eégún tuntun. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń rọra lọ ní apá ọ̀tún, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ń lọ ní etí ọ̀tún, àwọn tí mo kọ́ sì ń na ọwọ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn kí n lè rí i pé wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe kọjá nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti bàbá mi ń lọ sí oko láàárọ̀ kùtùkùtù ní ọ̀nà Ìdèrè. Etí títì là ń tọ̀. A gbọ́ àwọn adìyẹ kí a tó rí i, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ kí àwa tó jí." Ó yọ lókè ibẹ̀, ní etí ọ̀tún tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, tí ó ń kọjú bọ̀ wá bá wa. Lọ́rì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti Ayétẹ̀. Ní apá ọ̀tún ni òun náà wà. Nígbà tí Bàbá Ìbejì rí bàbá mi, ó fún bíréèkì. Lọ́rì fun fèrè. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí irin kọjá, tó fi ara tẹ̀ sí òsì bó ṣe ń ṣe láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti ń kó adìyẹ, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ohun tó fẹ́ béèrè ní pápá. Torí tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá sọ̀ sí òsì, inú koríko ló ń balẹ̀ sí. Ní báyìí, àárín títì ni. Fèrè tó sì gbọ́ yẹn, ohun tí ara rẹ̀ mọ̀ ni pé bí lọ́rì bá fun fèrè lẹ́yìn ẹni, òsì ni koríko wà, òsì la ń sá sí.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jíire…" Lọ́rì náà kò ní ibi tó máa yà sí.

N kò ní ròyìn èyí tó kù. Kí a tó gbé e dé ọsibítù ní ìlú, ó ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó sáré wá láti oko fẹ́ lu awakọ̀, tó jókòó sílẹ̀ tó ká ọwọ́ lérí. Bàbá mi ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kó gbà ló gbà." Àwọn ọlọ́pàá wá láti Èrúwà, wọ́n fi okùn wọn ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́rì wà ní ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ wà ní ọ̀tún, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà létí títì. Gbogbo wa la pa òfin mọ́.

Àgò méjèèjì ti fọ́, àwọn adìyẹ sì ti tú ká sínú oko onígbágùúdá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ kan pẹ̀lú àkùkọ kan, ìyá arúgbó kan pẹ̀lú àgbébọ̀ méjì lábẹ́ ìró rẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á lọ. Àwọn ìbejì tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́rin ń sáré tẹ̀lé àwọn adìyẹ náà kiri, wọ́n ń pe bàbá wọn kó wá wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Mo padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìsìnkú. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi. Àwọn tó wà ní pápá ọjọ́ náà kò rántí ìbéèrè rẹ̀, tàbí bí wọ́n bá rántí, ẹ̀rín ni wọ́n rántí. Ó yẹ kí n lọ bá akọ̀wé kánsù, kí n ní ká pe àwọn èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kejì, ká sọ fún wọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kọ́kọ́ yà sínú koríko. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò béèrè ibi tí mo ti rí i, mo sì dákẹ́. Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ kọ́ ara wọn. Nígbà tí mo fi padà wálé ní ìsinmi mìíràn, gbogbo wọn ti ń yà kúrò lórí ọ̀dà kí wọ́n tó sọ̀. Ikú ló kọ́ wọn ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọ́ wọn.

Télọ̀ kan wá bá mi níjọ́ kan, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ bàbá yín ni? Mo rí wọn lókèèrè lánàá, bí mo ṣe ń súnmọ́ wọn, wọ́n yà wọ inú igbó. Mo dúró títí, wọn ò jáde." Mo ní kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó ti di ìṣe rẹ̀. Bàbá mi ti kọ́kọ́ sọ nínú ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kí òun mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣe é, ẹ̀kọ́ ilé ti wọ̀ wọ́n lára jù. Nítorí náà, bí ó bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, á yà sẹ́yìn igi, á dúró síbẹ̀ bí olè títí ẹni náà á fi kọjá. Bó ṣe rìn lójú ọ̀nà nìyẹn títí ó fi kú, ọkùnrin tó ń fẹ́ kí gbogbo ayé kí òun.

Òwe wa sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí wọ́n bi. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún bí ọdún méje. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi, mo bá a níbi tó ti ń jọ̀ gàrí. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìbéèrè náà, ẹ̀rín náà, àti pé n kò mọ ìdáhùn. Kò dúró. Ó ń jọ̀ ọ́ lọ.

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òun náà ni. Bó ṣe dé láti pápá ló sọ fún mi. Ó ní, 'Àbúrò rẹ ò mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú ẹ̀.' Ó ní èèyàn kì í dójú ti àna ẹ̀ láàrin èrò, pàápàá níbi tí bàbá ẹ̀ jókòó sí. Ó ní òun á dá ọgbọ́n sí i fúnra òun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sísọ̀ sí ọ̀tún ní ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn. Ṣéènì ya ṣòkòtò ẹ̀, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀sín. Ó ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ara òun á ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Ó gbé asẹ́ sílẹ̀ ní ìgbà yẹn, ó sì wò mí. "Ọkọ mi bò ọ́ láṣìírí. Kó wá kú tán, kí n tú u?"

Ó tún gbé asẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sí yàrá kí n mú igbá wá, kí n bu gàrí lọ́wọ́ lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ sọ́run báyìí. Èmi ti darúgbó, mo sì máa ń jókòó síwájú ilé tí mo kọ́ sí ọ̀nà Ìdèrè. Kẹ̀kẹ́ ti di ohun tí a kì í rí mọ́, ọlọ́kadà ló gba gbogbo ọ̀nà. Eré ni wọ́n ń sá, wọn kì í dúró, wọn kì í wo ẹ̀gbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń wá bá mi ṣeré máa ń pòṣé. Ọ̀kan nínú wọn a máa sọ pé, "Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ yọjú sí wa. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ nìyẹn?"

Mo máa ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ pé ayé ti bàjẹ́, torí ìyẹn ni àgbà ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ti ń bọ̀ lókèèrè báyìí, mo máa ń gbé ojú mi sílẹ̀ kí ó má bàa rí mi, mo sì máa ń tẹ́tí sí ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí kò bá dínkù, tó kọjá lọ láìkí mi, tó ń lọ títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́, ọkàn mi á balẹ̀.